Ẹ̀yin tó ń ya àwòrán ọpọlọ àwọn àgbàlagbà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí lẹ ti bá pàdé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agó-Ìwòyè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni mo dáwọ́ lé, lórí bí àwọn ibi inú ọpọlọ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ lára àwọn tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún. fMRI ni, ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán ọpọlọ léraléra. Wọ́n kàn máa dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, a ò ní gbé iṣẹ́ kankan lé wọn lọ́wọ́. TR (àkókò láti àwòrán kan sí èkejì) jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2, voxel (ẹyọ kékeré inú àwòrán) 3 mm, ìṣẹ́jú 6 lẹ́nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tó máa ń bàjẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Alárè
Ìṣẹ́jú 6 kéré. Birn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2013 pé láti ìṣẹ́jú 5 títí dé bíi 13, bẹ́ẹ̀ ni èsì ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Sọ ọ́ di 10, àwòrán 300 nìyẹn. Tí o bá wá yọ àwọn tí orí ti mì dànù, èyí tó kù á ṣì tó ṣiṣẹ́.

Onímáṣíìnì Ṣàgámù
Kí ẹ tó sọ ti TR, ẹ tọ́jú ara ẹni tó ń bọ̀ ná. Kí wọ́n lọ tọ̀ kí wọ́n tó gun tábìlì. Ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, torí ẹ̀yìn dídùn ló máa ń jẹ́ kí wọ́n yíra. Aṣọ ìbora, torí yàrá yẹn tutù. Fóòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì, kó má fún wọn lórí.

Lórí ọ̀rọ̀ irin, má bi wọ́n pé "ṣé irin wà lára yín?" Àdá àti ọkọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn máa mú wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n á ní kò sí. Béèrè pé: "Mà, kí ló wà lára yín tí ẹ kì í bọ́, tí ẹ bá ń wẹ̀ pàápàá?" Ibẹ̀ ni ońdè, òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ní ìkọ́ irin ti máa jáde. Bi àwọn ọdẹ bóyá ọta ìbọn ti bà wọ́n rí. Wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya X-ray ojú, nítorí òòfà lè sún ẹ̀rúnrún irin tó há sínú ẹyinjú, ojú á sì bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìkẹnnẹ́
Ẹ má gbàgbé aṣọ òkè tó ń dán yẹn o. Òwú onírin wà nínú òmíràn, ó lè jó èèyàn lára. Kí gbogbo wọn pààrọ̀ sí aṣọ ilé ìwòsàn.

Gbànja
Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ obì.

fMRI kì í rí iṣẹ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti kúrò nínú rẹ̀ máa ń da agbára òòfà tó yí i ká rú, èyí tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ kì í dà á rú bẹ́ẹ̀. Orí ohun tí Seiji Ogawa fi hàn lọ́dún 1990 yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Caffeine tó wà nínú obì sì máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ lè fi nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bàbá tó jẹ awẹ́ gbànja méjì ní Sábó Ṣàgámù láàárọ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ, àti ẹnìkejì rẹ̀ tí kò fẹnu kan obì, àwòrán wọn á yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun lè má yàtọ̀ nínú ọpọlọ wọn. Rack-Gomer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn lọ́dún 2009 pé caffeine ń dín ìjọṣe (bí àmì àwọn ibi inú ọpọlọ ṣe ń bára mu) kù ní motor cortex, ibi tó ń darí ìrìn ara.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agó-Ìwòyè
Háà! Kò sí nínú fọ́ọ̀mù mi rárá. Ṣé kí n ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ láti àná ni?

Gbànja
Rárá. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, tí o bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ á wá máa ya lọ sí ọpọlọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí á sì máa fọ́ ọ. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọmọ Alárè
Mi ò fara mọ́ èyí, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, ti ẹnì kan á jẹ́ wákàtí kan sẹ́yìn, ti ẹlòmíràn á jẹ́ mẹ́jọ. Bíi wákàtí 5 ni ìdajì caffeine fi ń kúrò nínú ara. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn dáwọ́ dúró fún iye wákàtí kan náà.

Gbànja
Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀ tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń jẹ obì. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ iye awẹ́ sílẹ̀, kọ wákàtí tí wọ́n jẹ ẹ́ kẹ́yìn, ya gbogbo wọn ní àkókò kan náà láàárọ̀, kí o sì kó iye méjèèjì sínú ìṣirò.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ yẹ PCV wọn wò náà, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ki sí ni àmì BOLD, àmì ẹ̀jẹ̀ tí fMRI ń kà, ṣe ń ga sí. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ lẹ ó máa pè ní àrùn ọpọlọ.

Ọmọ Alárè
Èyí ṣe pàtàkì ju obì lọ, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà.

Onímáṣíìnì Ṣàgámù
Oorun ńkọ́? Nínú iṣẹ́ Tagliazucchi àti Laufs ní 2014, kí ìṣẹ́jú 3 tó pé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ń tòògbé. Jẹ́ kí wọ́n lajú, kí wọ́n máa wo àmì àgbélébùú kékeré kan. Bá wọn sọ̀rọ̀ gbàrà tó bá parí: "Ẹ sùn ni, mà?" Kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ẹ̀rọ-ń-ṣírò
Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni mímì orí. Power àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2012 pé mímì díẹ̀ báyìí, tí kò tó mílímítà kan, máa ń mú kí ìjọṣe àwọn ibi tó súnmọ́ra dà bíi pé ó lágbára, kó sì sọ ti àwọn tó jìnnà síra di aláìlágbára. Àgbàlagbà máa ń mì ju ọ̀dọ́ lọ. Tí o kò bá ṣọ́ra, wàá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ orí ló já ìjọṣe ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ọrùn tó ń ro wọ́n ni. Ṣírò FD (bí orí ṣe sún tó láti àwòrán kan sí èkejì) fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Yọ èyí tó bá ju 0.5 mm lọ, tí àwòrán bá sì pọ̀ tó, 0.2 dára jù. Ẹni tí èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá pé ìṣẹ́jú 5, yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Tí o bá ń lo fMRIPrep, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún àwòrán fMRI ṣe, fi -w sí i, kí o sì tọ́ka sí fódà tí o kì í pa rẹ́. Tí NEPA bá mú iná, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ padà.

Ìyá Ìbejì Ìkẹnnẹ́
Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dà mí láàmú. Kí lẹ máa ń pe iṣẹ́ yìí tí ẹ bá ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn? Tí ẹ bá ti ní "àyẹ̀wò ọpọlọ", wọ́n á gbà pé ẹ máa sọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n fún wọn. Mama á máa retí èsì, á máa pe fóònù. Ẹ sọ pé "ìwádìí" ni, kì í ṣe ìtọ́jú. Kí ẹ sì sọ ṣáájú ẹni tí ẹ máa fà wọ́n lé lọ́wọ́ tí nǹkan burúkú bá hàn nínú àwòrán.

Ọmọ Alárè
"Ìsopọ̀" tí àwọn kan ń pe ìjọṣe náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹ wo onígángan méjì ní ìkangun òde méjèèjì lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Bí ìlù wọn bá bára mu, kò sí okùn láàárín wọn, ó lè jẹ́ ìyáàlù kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbọ́. Ìjọṣe ni kí ẹ pe ti fMRI. Ẹ fi ìsopọ̀ sílẹ̀ fún ti diffusion, irú MRI mìíràn, níbi tí ẹ ti ń tọ ipa okùn ọpọlọ.

Ẹ̀rọ-ń-ṣírò
Ti diffusion pàápàá, ẹ rọra. Ìdíje ńlá lórí títọ okùn ọpọlọ tí Maier-Hein kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́dún 2017 fi hàn pé okùn tí kò sí tí àwọn ẹ̀rọ ń yà pọ̀ ju èyí tó wà gan-an lọ.

Dìmídìmí
Ẹni tí owó MRI kò bá ká, EEG wà, ẹ̀rọ tó ń fi ìlẹ̀mọ́ra lára awọ orí gba iná ọpọlọ. Ìdí irun ni wàhálà rẹ̀. Ṣùkú jókòó lé Cz gan-an, ojú ibi ìlẹ̀mọ́ra tó wà ní àárín orí. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kó gbogbo ìdí irun síwájú, ó bo Fz, ojú ibi ti iwájú orí. Wọn orí láti egungun imú dé kókó ìpàkọ́: tó bá jẹ́ 36 cm, Fpz (ojú ibi ti iwájú orí tó kéré jù lọ sí imú) wà ní 3.6, Fz ní 10.8, Cz ní 18. Sàmì sí i kí onídìrí tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú ìlà irun gba orí àmì yẹn kọjá. Irú ọ̀nà yìí ni Arnelle Etienne àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon gbà lọ́dún 2020. Kí àdínà iná láàárín ìlẹ̀mọ́ra àti awọ orí máa wà lábẹ́ 5 kΩ, kí o sì yọ ariwo 50 Hz ti iná kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agó-Ìwòyè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi obì, PCV àti oorun sínú fọ́ọ̀mù, mo sì ti sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 10. Orógbó ńkọ́? Ṣé inú kọ́lọ́ọ̀mù obì náà ni?

Gbànja
Rárá o. Igi ọ̀tọ̀ ni. Ṣe kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀ sọ́tọ̀.