Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Awakọ̀ kan ṣoṣo láti London dé Lourdes

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti London lọ sí Lourdes ní ilẹ̀ Faransé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni a ó gbéra, wọ́n sì ní a ó débẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yàn fún wa. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí à ń bọ̀ láti Jámánì, ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mo sì ń wo ojú rẹ̀ nínú díńgí. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, àgbọ̀n rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, táyà gun ìlà etí títì, gbogbo ọkọ̀ gbọ̀n rìrì kí ó tó ta gìrì. Nígbà tí mo sọ fún àwọn aṣáájú wa, wọ́n ní kí n má fi ẹnu ara mi pe ibi, nítorí a ti gbàdúrà sí ọkọ̀. Èmi náà gbàdúrà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sùn nínú ọkọ̀ mọ́. Ṣé kí n tún gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀? Kí ni kí n bi ilé-iṣẹ́ náà?

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, Manchester:
Màmá, ẹ gbé e kalẹ̀. Wákàtí 9 ni òfin gbà kí awakọ̀ kan fi wa ọkọ̀ lóòjọ́, tàbí 10 lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀, bí ó bá sì ti wa ọkọ̀ fún wákàtí 4 àbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Láti Calais, ìlú etíkun tí a máa ń gbà wọ ilẹ̀ Faransé láti England, nìkan dé Lourdes ju kìlómítà 1,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà nínú bọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kí ó sáré ju kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan. Ẹnì kan kò lè rin ìrìn yẹn lọ́jọ́ kan láìrú òfin. Ẹ bi wọ́n pé: aago mélòó ni awakọ̀ wa yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, níbo ni yóò sì ti sùn? Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá dúró sinmi, ẹ má ní kó máa bá yín to ẹrù, nítorí iṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ìsinmi.

Nọ́ọ̀sì kan, Leeds:
Ẹ kú ewu, Mà. Láàárín aago méjì òru sí mẹ́fà àárọ̀ ni oorun máa ń lágbára jù lọ nínú ara ènìyàn, ṣíṣí fèrèsé tàbí kíkọ orin kò sì lè lé e lọ. Bí awakọ̀ bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré lórí eré kìlómítà 100, ọkọ̀ yóò ti rin ju mítà 80 láìsí ẹni tó ń wò ó. Ẹ sọ fún gbogbo àwọn ìyá kí wọ́n de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ra ní gbogbo òru, kí wọ́n má ṣe tú u nítorí pé ó fún ìró wọn.

Ẹni tó máa ń ṣètò ìrìn-àjò, Birmingham:
Àwa olùṣètò la máa ń fa wàhálà yìí, nítorí owó tó kéré jù là ń wá. Ní tiwa, a fi owó kún un fún awakọ̀ kejì, a sì dúró sùn lọ́nà ní alẹ́ kan.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pè wọ́n lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ní awakọ̀ àwọn mọ ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ibi tí yóò ti sùn, wọ́n ní àwọn yóò pè mí padà. N kò tíì san owó tó kù.