Wọ́n fi "cyberstalking" pe alámòójútó ojú ìwé Facebook: ibo ni òfin dé lẹ́yìn àtúnṣe 2024?

OmoIbara
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ká ní ojú ìwé ìròyìn kan lórí Facebook, níbí l'Abẹ́òkúta, gbé e jáde pé owó tí wọ́n ń gbà lórí ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ti ju iye tí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, wọ́n wá kọ "cyberstalking" (fífi ọ̀rọ̀ orí ayélujára yọ èèyàn lẹ́nu) sínú ìwé ìpè. Ṣé ẹ̀sùn yẹn ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Kí ló yẹ kí alámòójútó náà ṣe kó tó lọ?

Loya_OkeMosan
Ó ṣì wà, àmọ́ wọ́n ti gé e kúrú. Abala 24 ti Cybercrimes Act 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, mú ohun tó kàn bí èèyàn nínú mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn alágbára ti ń rí akọ̀ròyìn mú. Kóòtù ECOWAS ní ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí Nàìjíríà tún un ṣe. Oṣù Kejì 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe.

Ní báyìí, yàtọ̀ sí àwòrán oníhòòhò, nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pé: kí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, kó sì jẹ́ pé torí kó lè da ìlú rú tàbí kó fi ẹ̀mí èèyàn wewu ló ṣe gbé e jáde. "Ó dójú tì mí" kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyà rẹ̀ kò yí padà: owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3, tàbí méjèèjì.

Kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ yìí. Májísíréètì Ìsàbò kò lè dá a, àmọ́ ó lè ní kí wọ́n fi èèyàn sí àtìmọ́lé fúngbà díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìyà wà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ kejì abala náà o. Ìhàlẹ̀ àti ìfipágbowó wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 10. Bí ojú ìwé náà bá ti kọ "ẹ wá rí wa ká tó gbé apá kejì jáde" ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìròyìn.

IyaIjemo
Kó má sá, kó má sì dá lọ. Kí lọ́yà kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n sọ ẹsẹ tí wọ́n fi pè é. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá, kó tọrọ ọjọ́ Ajé, torí kóòtù kì í jókòó lópin ọ̀sẹ̀, bí wọ́n bá sì tì í mọ́lé, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí 24 ni òfin ilẹ̀ wa fún wọn níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, kò sì síbi tí kóòtù jìnnà sí láàárín ìgboro yìí.

Kó má kọ̀wé sílẹ̀ láìsí lọ́yà níjòkòó. Bí wọ́n bá ní kó ṣí fóònù, kó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ìwé àṣẹ adájọ́. Abala 45 Cybercrimes Act yẹn ló là á sílẹ̀. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, kódà bí wọ́n bá ń pè é ní "owó bírò".

AgbaKuto
Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó sùn gbàgbé. Bí cyberstalking kò bá dúró, ìbanilórúkọjẹ́ ni wọ́n máa fà yọ. Ẹ wo Dele Farotimi, lọ́yà ajàfẹ́tọ̀ọ́, ní oṣù Kejìlá 2024: ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ ni wọ́n fi gbé e dé iwájú májísíréètì l'Adó-Èkìtì, kí wọ́n tó fa ẹjọ́ náà padà ní 2025. Nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ni, ọdún 2 bó bá mọ̀ pé irọ́ ni. Òótọ́ nìkan kò sì gba èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe ará ìlú láǹfààní pẹ̀lú.

Torí náà, ìwé ni kó wá lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi ìwé owó ìsọ̀ ṣe. Òfin FOI 2011, òfin ẹ̀tọ́ sí ìwé àti ìròyìn ìjọba, ti fún un lẹ́tọ̀ọ́, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Kó má béèrè "gbogbo ìwé ọjà", wọn á ní kò yé àwọn. Kó dárúkọ ìwé àti ọdún: "ìwé tó gbé iye owó ìsọ̀ kalẹ̀, 2023 sí 2025". Ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí tọwọ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ tó máa kà. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá dákẹ́, kíkọ̀ ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà láti gba kóòtù lọ. Owó ìtanràn kíkọ̀ láìtọ́ jẹ́ 500,000 náírà.

OmoIbara
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí Facebook kó tó lọ?

Loya_OkeMosan
Rárá. Yíyọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó gba ìwé ìpè á dà bíi pé ó mọ̀ pé irọ́ ni, ohun tí wọ́n sì ń wá gan-an nìyẹn. Kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pẹ̀lú líǹkì, déètì àti aago, kó sì fi ìwé ẹ̀rí abala 84 ti Evidence Act, òfin ẹ̀rí ní kóòtù, tì í: irú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó lò, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò náà, àti orúkọ àti ìfọwọ́síwèé ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Screenshot lásán, lọ́yà alátakò á ní kí kóòtù dà á nù.

Àmọ́ bí "olè" bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni kó tún kọ, kó sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tún un kọ. "Wọ́n gba 500, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ ní 200" ni kó kọ.