Báàtì kíríkẹ́ẹ̀tì àlòkù tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ bá mi wo ibi tó ti wá

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Látìgbà tí àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pé 19 ti fi rọ́ọ̀nù (àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì) méjì péré na New Zealand ní Kuching ní Malaysia, lóṣù kìíní 2025, ọmọ mi ò gbádùn nǹkan míì mọ́ ju kíríkẹ́ẹ̀tì lọ. Mo ra báàtì àlòkù kan lórí eBay, àbúrò mi ní Leicester bá mi fi ránṣẹ́. Sítíkà Gray-Nicolls, iléeṣẹ́ tó ń ṣe báàtì, wà lára ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ jin gbọọrọ, àfi bí ẹni fi ṣíbí gbẹ́ ẹ. Ṣé ayédèrú ni, àbí ó ti bàjẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Nottingham: Ẹ fọkàn balẹ̀. Scoop ni wọ́n ń pe ìyẹn, 1974 ni Gray-Nicolls gbé e jáde. Wọ́n gbẹ́ igi kúrò láàárín ẹ̀yìn kí ìwúwo lè bọ́ sí etí méjèèjì, kí bọ́ọ̀lù tí ò bá àárín gan-an náà lè lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún gbé irú ẹ̀ jáde lẹ́yìn ìgbà yẹn, torí náà jíjìn yẹn nìkan ò tó ẹ̀rí pé ó ti pẹ́. Etí ẹ̀ ńkọ́? Ti àtijọ́ máa ń tín-ín-rín. Tòde òní nípọn débi pé láti 2017 ni òfin ti ní kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 40 lọ. Ẹ gbàgbé sítíkà, ẹnikẹ́ni lè ra tuntun lẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ìlọrin, Birmingham: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, igi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ gbé e síta lọ́sàn-án. Willow ni igi tí wọ́n fi ń ṣe báàtì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń funfun, ó sì fúyẹ́. Ti Kashmir pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń wúwo jù ú lọ. Ẹ ka àwọn ìlà tó ti òkè wá sísàlẹ̀: ìlà kan, ọdún kan tí igi fi dàgbà. Ẹ tún wo èjìká ẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù tó bá tà á sábà máa ń tẹ orúkọ síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Etí ẹ̀ tín-ín-rín lóòótọ́. Ó funfun, ìlà mẹ́jọ ni mo kà. Lójú èjìká, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ti pa rẹ́, àmọ́ mo rí “Worcester” kà.

Ẹ̀gbọ́n Nottingham: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti tà á nìyẹn o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣe é. Robertsbridge ní Sussex ni Gray-Nicolls wà. Ẹ ya fọ́tò èjìká àti ẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Kẹ́ ẹ tún bi ẹni tó tà á bóyá ti ará ilé ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ó bá a nínú ẹrù bàbá ẹ̀ ni, ìtàn á wà níbẹ̀. Oníṣòwò ò ní mọ nǹkan kan.

Àǹtí Gwarinpa: Ẹ̀yin ará ìlú òyìnbó, ẹ ò rántí ọyẹ́ Abuja! Ìyá Ìbejì, igi yẹn á là tó bá gbẹ jù. Ẹ wá òróró linseed tí wọn ò sè, ẹ fi aṣọ fà á fẹ́lẹ́ sójú ẹ̀, etí àti ìdí. Kó má kan ibi tí ọwọ́ báàtì ti wọnú igi o, gọ́ọ̀mù ló dì í mú. Ọwọ́ ọ̀hún, pankẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí tíṣà fi na gbogbo wa. Kí ọmọ yín tó gbé e lọ sí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Package B ní Abuja, bọ́ọ̀lù tó ti gbó ni kó kọ́kọ́ máa fi gbá.

Ẹ̀gbọ́n Nottingham: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Mọ́kànlá, sà.

Ẹ̀gbọ́n Nottingham: Háà. Báàtì àgbà lẹ rà. Size 5 tàbí 6 ti ọmọdé ló yẹ ẹ́; èyí á wúwo lọ́wọ́ ẹ̀, á ba bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ó ti di ti bàbá ẹ̀ nìyẹn. Ta ló rí size 5 tí ò wọ́n?