Aago tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí Mama: ṣé kí n yé gún wọn níka?

Ọmọ Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, Yábàá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

Mama mi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Òyìngbò. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ. Oògùn ṣúgà Metformin àti Daonil ni wọ́n ń lò. Àràárọ̀ ni mò ń gún wọn níka, tí mò ń kọ iye ṣúgà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde sínú ìwé tí wọ́n ń mú lọ sí kílíníìkì. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí Mama ń rò ni pé ìka àwọn ti di ajere, pé àwọn ò lè fi ka owó mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń wọn ṣúgà, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, láìgún ẹnikẹ́ni. Mama yọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Aago ní 5.4. Wọ́n wo ìwé wa tí mo kọ 180 àti 165 sí, ni wọ́n bá pariwo pé, "Ó ti já wálẹ̀ pátápátá! Mo ti bọ́!" Wọ́n fẹ́ dín oògùn kù. Mo ní kò jọ ọ́.

Àfi bó ṣe di Jímọ̀ tó kọjá. Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ́ dé, Mama ò tíì jẹun títí di ọ̀sán, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ìsọ̀, òógùn bò wọ́n. Aago ṣì ń sọ 5.6. Ìyá tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sáré ra Fanta fún wọn, ara wọn sì wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ayé ti lajú, èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ dá Mama lóró. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà
Ẹ fi aago sílẹ̀ ná. Ṣé Mama lo Daonil láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó jáde?

Ọmọ Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, Yábàá
Wọ́n lò ó, mà. Wọ́n ní àwọn máa jẹun lọ́jà.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà
Ó jọ pé ṣúgà wọn ló já jù nìyẹn. Daonil kì í dúró de oúnjẹ: ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o, ó ti ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ara gbígbọ̀n àti òógùn òjijì, àmì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ gún wọn. Tí kò bá pé 70, ìdajì ìgò mínírà kékeré, kí ẹ tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí ẹ̀rọ ò bá sí nítòsí, ẹ fún wọn ní mínírà yẹn náà, ẹ má dúró. Àmọ́ tí wọn ò bá mọ ara mọ́, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Ẹ sọ èyí fún dókítà wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tó wà nínú káàdì.

Alágo Ìkẹjà
Mo ń ta aago ní Computer Village, ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlù ọkàn ló mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń yí padà, ó ń kà á. Ti ṣúgà yẹn, nọ́ńbà tó máa tẹ́ oníbàárà lọ́rùn ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mama, kí ẹ wá ròyìn fún wa.

Ìyá Ìbejì Múṣin
Ọmọ mi, ewúro ni kí ẹ máa fún omi rẹ̀ fún Mama láàárọ̀. Gbogbo aago wọ̀nyí, owó ni wọ́n ń wá.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà
Mà, ewúro dára lọ́bẹ̀. Kó má ṣáà gba ipò oògùn.

Àǹtí Apòògùn, Sùúrùlérè
Ẹ jẹ́ kí n tú kókó kan tí gbogbo yín gbójú fò. 5.4 àti 180 kì í ṣe ìwọ̀n kan náà! Ní Lọ́ńdọ̀nù, mmol/L ni wọ́n fi ń ka ṣúgà. mg/dL ni ẹ̀rọ ti Mama ń lò. Ẹ sọ 5.4 di ìlọ́po 18, ó di 97. Ká ní ṣúgà èèyàn já láti 180 sí 5 lórí ẹ̀rọ yín ni, kò ní jókòó ta ọjà. Mo ti rí àwọn tí ọmọ wọn fi ojúlówó ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti ọ̀hún, tí wọ́n rí 14, tí wọ́n ń dúpẹ́. 14 yẹn, ó lé ní 250 o!

Ti aago wàyí: ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáyé gbọ́ pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń dá wọn ṣúgà láìgún awọ. Ẹ fi ìyẹn han ẹ̀gbọ́n yín.

Ìka Mama ńkọ́? Orí ìka ni ẹ ń gún, àbí? Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ máa gún, ìrora rẹ̀ ò tó ti orí ìka, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìka. Kí wọ́n fọ ọwọ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó gún wọn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ṣúgà ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè wọ inú èsì.

Alàgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Kì í ṣe gbogbo nǹkan ìgbàlódé ni ẹ̀tàn o. Èmi ń lo sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá. Okùn tín-ín-rín kan wọ abẹ́ awọ, ọjọ́ 14 ló ń lò, fóònù mi ló ń kà á. Ó máa ń ké lóru tí ṣúgà bá ń já. Omi tó wà lábẹ́ awọ ló ń wọ̀n, nítorí náà ó máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀; tí ara mi bá ń sọ ohun kan, tí fóònù ń sọ òmíràn, ìka ni mò ń gún. Wàhálà rẹ̀ ni owó. Mi ò lè rà á léraléra, ìgbà tí dókítà bá fẹ́ yí oògùn mi padà ni mo máa ń lẹ ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n yín tó lówó aago, ẹ ní kó bi dókítà Mama léèrè bóyá ìyẹn yẹ wọ́n.

Ọmọ Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, Yábàá
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo pe kílíníìkì, Ọjọ́rú la máa lọ. Láàárọ̀ yìí, Mama fọwọ́, mo gún ẹ̀gbẹ́ ìka: 231. Lẹ́yìn náà mo so aago mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n dáadáa. Ṣúgà 5.3, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 118/76. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rí i láti àárọ̀, kò tíì fèsì.

Mama ní kí n bi yín, ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ tó báyìí ni dókítà ní kí àwọn má fi dín dòdò.