Wákàtí 4 ni mo kọ́ ní Georgia: ṣé California máa gbà á?

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ta ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ní ìwé àṣẹ ní Georgia, mo sì ti ṣe ẹ̀kọ́ wákàtí 4 tí òfin ní kí a ṣe kí a tó ta annuity (àdéhùn tí èèyàn fi ń kó owó fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, kí wọ́n lè máa san án padà fún un díẹ̀díẹ̀ tó bá yá), pẹ̀lú èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́ni lórí ọjà rẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ wa kan ti kó lọ sí California, wọ́n sì fẹ́ kí n máa bá àwọn ṣe é lọ. Wákàtí 8 ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀, àti 4 mìíràn ní ọdún méjì-méjì. Fún èmi tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ṣé wọ́n máa ka ti Georgia mọ́ ọn, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n kọ́kọ́ tà á ná. Mi ò gbà rárá. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ yọ owó yẹn kí àkókò tó pé, wọ́n á gé nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á lè ṣàlàyé ìyẹn yékéyéké.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ibo lẹ ti kọ́ ọ? Ṣé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni?