Re: «Àkúrun» àbí «ìparun», àti ẹni tó di ẹrù ru aláǹgbá

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, pé èwo ni ká fi pe «extinction» ti Gẹ̀ẹ́sì, kí irú ẹranko kan tán pátápátá láyé. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Houston ló fi àkọlé kan ránṣẹ́ lóru àná, «Ọ̀pọ̀-Irú Àwọn Aláǹgbá-Ẹlẹ́rù Ṣáájú Àkúrun Wọn», aláǹgbá-ẹlẹ́rù ni wọ́n pe «dinosaur», ẹranko ayé àtijọ́, wọ́n ní ká gbà á wọlé sínú àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì wa. Mo kà á sétí ìyá mi. Ìyá mi ní ta ló ń ta irú fún aláǹgbá?

Ẹ jẹ́ kí n yára kúrò nídìí irú. «Onírúurú» wà nílẹ̀, ó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tipẹ́. «Ẹlẹ́rù» ló bí mi nínú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní «oní» àti «ẹ̀rù» lẹ so pọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí «oní» bá ti wọlé, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níwájú «ẹ̀rù» á pòórá, bó ṣe pòórá nínú «ẹlẹ́ṣẹ̀». Ohun tó kù lẹ́nu yín kò yàtọ̀ sí «oní» àti «ẹrù» rárá. Èwo ni ọmọ Yorùbá máa gbọ́? Ẹni tó ni ẹrù ni. Ẹ ti sọ ẹranko tó ń dẹ́rù ba gbogbo ayé di alábàárù.

Richard Owen, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ àwọn ẹranko yìí lórúkọ lọ́dún 1842, yá «deinos», ohun tó ń bani lẹ́rù, àti «sauros», aláǹgbá, lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán ló ní lọ́kàn. Títóbi tí ń dáyà já ni. Ibi «aláǹgbá» ló ti ṣìnà, nítorí adìẹ tó ń jẹ̀ kiri lẹ́yìnkùlé yín bá wọn tan ju aláǹgbá ara ògiri lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Owen ò mọ ilé ọmọ yìí. Àwa tí a mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí a fẹ́ jogún àṣìṣe rẹ̀? Ẹ pè é ní dáínósọ̀ ká sinmi.

Wàyí o, «àkúrun». Ibí ni ìjà wà. Ohun tó kú run, òun ló ń tán lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí a pa run, apani wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rò pé «kú» ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ tí àwọn onímọ̀ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti bí ogójì ọdún: ṣé àwọn dáínósọ̀ ti ń dín kù kí òkúta ojú ọ̀run tó já lù wọ́n, àbí ara wọn ṣì le koko lọ́jọ́ náà?

Àwọn tó ní wọ́n ti ń dín kù kò ṣàdédé sọ ọ́. Ní Dinosaur Park ní Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà, nínú àpáta tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 ọdún, oríṣiríṣi dáínósọ̀ abìwo àti ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ wá dé Hell Creek ní Montana, níbi tí àpáta kángun sí òpin, mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn: Triceratops abìwo àti Edmontosaurus ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀, Tyrannosaurus ń dọdẹ láàárín wọn. Lọ́dún 2016, Sakamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí òkúta tó já ni irú tuntun tó ń yọ kò ti tó èyí tó ń tán mọ́. Ìyẹn bá «kú» mu, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yá aláǹgbá ẹ̀gbọ́n lò lẹ́ẹ̀kan péré: gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Nínú àpáta, gbogbo wọn ló dakùn délẹ̀! Lọ́dún 2019, Chiarenza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ tó bá dáínósọ̀ lára mu kò dín kù ní Àríwá Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2025, Dean àti àwọn tirẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ egungun bí 8,000 wò, wọ́n ní àpáta ìgbà ìkẹyìn ni kò yọ síta tó, èyí tó yọ, ewéko bò ó. Ọdẹ tí kò wọ igbó dénú kò lè búra pé ẹran ti tán níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìròyìn dé láti New Mexico pé Alamosaurus, dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn ràbàtà, ṣì ń jẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó ku nǹkan bí 400,000 ọdún péré kí òkúta tó já, bẹ́ẹ̀ kò sí irú rẹ̀ ní Hell Creek.



Ọdẹ ni bàbá àgbà mi. Mo bi wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé ṣé ẹfọ̀n ti kú tán nínú igbó wa ni. Wọ́n wò mí títí. «Ta ní kú? A pa wọ́n tán ni.» Bàbá yẹn ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ fi «kú» síbi tí «pa» ń gbé.

Apani ti dáínósọ̀ náà, òkúta ojú ọ̀run yẹn, ò fara sin. Ọdún 1980 ni Luis Alvarez àti Walter ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, ti nàka sí i; ihò tó gbẹ́ sí Chicxulub ní Mẹ́síkò fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 180. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkè oníná Deccan ní Íńdíà kún un, kó fi kún un. Apani á di méjì, «pa» ò yẹsẹ̀. «Ìparun» ni mo dìbò fún. Ẹni tó sì ní ká kúkú pè é ní «aparun», ṣé ọparun lẹ fẹ́ gbìn ni?

Ohun tó ń dà mí láàmú ni «run» fúnra rẹ̀. Àbúrò wa kan ní Ìbàdàn béèrè pé bí ẹyẹ bá jẹ́ dáínósọ̀, kí ló run? «Run» kì í fẹ́ àṣẹ́kù. Mo ní àwọn tí kì í ṣe ẹyẹ là ń sọ. Ó ní níbo ni ìyẹn wà nínú «ìparun»? Láti ìdájí ni mo ti jókòó tì í, àkùkọ aládùúgbò sì ń kọ.