Ojú ìsopọ̀ tún ń yọ lẹ́yìn práímà (ọ̀dà àkọ́kùn), kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ bàálù oníke tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Bàálù ogun P-51D Mustang ni mo ń tò lọ́wọ́, ìwọ̀n 1/72 (ìyẹn ni pé bàálù gidi gùn tó o lọ́nà 72), láti ṣóńṣó apá rẹ̀ kan dé èkejì ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lọ. Mo fi pọ́tì (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí àlàfo) dí ojú ibi tí ara rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, mo fi sáńpépà 400 ha á, mo fi 800 àti 1000 tẹ̀lé e. Mo fi èékánná wọ́ ọ kọjá, kò kọ́ mọ́ nǹkan kan. Àfi bí mo ṣe fín práímà eérú sí i, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́: ìlà tín-ín-rín kan nà gbọọrọ lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀!

Ṣé pọ́tì yẹn ló súnkì torí pé kò tíì gbẹ dénú ni? Ẹnìkan ní kí n lo súpà gúlù dípò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìyẹn kì í súnkì, àmọ́ tó bá sùn mọ́jú, ó máa ń le ju ike lọ, sáńpépà á wá máa jẹ ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọ̀ fàdákà ni mo fẹ́ kùn ún, fàdákà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí. Ṣé práímà dúdú ló yẹ kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò? Báwo ni mo tún ṣe máa ha á tí mi ò ní pa àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ rẹ́?